Òru Wo Ni Òru Ọjọ́ Ẹtì?
Ọ̀rọ̀ Ìyànjú láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ, fún Àjọ̀dún Ìjọ wa ní Òkèlúsè

Ẹ̀kọ́ Kíkà: Ẹ́kísódù 12, ẹsẹ 21 sí 42, Máàkù 13, ẹsẹ 32 sí 37.

  

Bí ẹ bá ṣí ìwé ètò yìí sí ojú ewé tí a to ìṣọ́ òru sí, ẹ ó rí i pé a kò kọ "òru ọjọ́ Ẹtì" síbẹ̀ bí a ti máa ń kọ ọ́ nígbà kan rí. Ohun tí a kọ ni "Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta". Àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá wa yẹ ìwé náà wò kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé béèrè pé ṣé kò gùn jù? Wọ́n ní kí a sáà kọ agogo méjìlá òru, kí a fi ọjọ́ oṣù sí i, ó tán. A dá wọn lóhùn pé kò tán. Ìdí tí kò fi tán ni a fẹ́ sọ lónìí. Àwọn àgbà ìjọ ló yọ̀ọ̀da kí akọ̀wé sọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ akọ̀wé ni àṣìṣe náà ti wá.

Ní ọdún 2011 a kọ ìwé ìpè ránṣẹ́ sí àwọn ìjọ tí ó yí wa ká àti sí àwọn ará wa tí ń gbé abà, pé ìṣọ́ òru àkànṣe fún àwọn ìyá àti ọmọ wẹ́wẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì. A tẹ̀ ẹ́, a fi òǹtẹ̀ ìjọ lù ú, inú wa sì dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Lójú tiwa kò sí ohun tí ó ta kókó níbẹ̀. A ó jẹun alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tán, a ó wẹ̀, a ó wọ aṣọ funfun wa, bí agogo méjìlá bá sì ti lù, àdúrà yá. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ ti ìjọ wa wà ní abà nígbà náà. A kì yóò dárúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ló bá a ka ìwé ìpè náà. Ọmọ náà mọ̀wé. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ilé-ìwé pé agogo méjìlá òru ni ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, agogo méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì ni ìgbà tí ọjọ́ Ẹtì máa bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ máa lọ." Ìyá rò ó wò, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni, nítorí ó mọ orí kìíní Gẹ́nẹ́sísì lórí dáadáa, ó sì mọ̀ pé nígbà tí Ọlọ́run dá ayé, àṣálẹ́ ni a kọ́kọ́ kà kí a tó ka òwúrọ̀ mọ́ ọn. Ni ìyá àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá gbéra ní Ọjọ́bọ̀. Ọmọ ọwọ́ kan wà lẹ́yìn ìyàwó náà. Ara ọmọ ọ̀hún kò yá, ibà ń ṣe é, torí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń bọ̀.

Wọ́n dé, wọ́n bá ilẹ̀kùn ìjọ ní títì pa. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sùn sóko. Wọ́n pe fóònù akọ̀wé tí ó wà nísàlẹ̀ ìwé ìpè, fóònù náà ti kú nítorí ọjọ́ mẹ́ta ni iná mọ̀nàmọ́ná kò ti dé. Wọ́n bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rò pé a ń bọ̀. Agogo méjìlá lù, a kò dé. Agogo kan lù. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò náà sì ń fẹ́ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò kọjá, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn, ó ní, "Ta nì yẹn?" Ìyá ní, "Èmi ni o. Ìṣọ́ òru la wá ṣe."

Ọdẹ yìí ló ròyìn fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní òun fi àpò ìrẹsì tí òun fi ń bo orí sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n fi bo ọmọ. Ó ní nígbà tí òun tún padà gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn àkùkọ kíkọ, àwọn obìnrin méjèèjì ń gbàdúrà lọ́wọ́, ìyá ń gbà á sókè, ìyàwó ń ṣe àmín, bí ẹni pé ìjọ kún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gun ọ̀kadà gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà yè, ògo ni fún Ọlọ́run, ó ti dàgbà báyìí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ níbí kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wá gbọ́: a dúpẹ́ fún àdúrà ìyá, a sì dúpẹ́ fún abẹ́rẹ́ dókítà, a kò rí ìjà láàárín méjèèjì.

Èyí tí ó dun wá jù ni ti alẹ́ ọjọ́ kejì. Àwa dé ní tiwa, a tan àbẹ́là, ìjọ kún fọ́fọ́. Nígbà tí a kò rí ìyá, ẹnì kan wí pé bóyá nǹkan Ọlọ́run ti sú u. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò níkà nínú, ṣùgbọ́n àwa akọ̀wé tí a wà nítòsí, a mi orí sí i. Ní ọjọ́ Àìkú, ìyá rán ọmọ sí wa. Iṣẹ́ tí ó rán kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Ẹ bá mi sọ fún akọ̀wé pé mo wá. Ẹ̀yin ni ẹ kò wá."

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ òru ti di nǹkan tí à ń yẹ̀ wò. Ohun tí a rí náà nìyí.

Yorùbá kò ka alẹ́ àti òru sí ohun kan náà. Ìrọ̀lẹ́ ni ìgbà tí oòrùn bá ti rọ̀, tí ará oko ń darí bọ̀ wálé. Àṣálẹ́ ni ìgbà tí ojú ọ̀run ń ṣú. Alẹ́ ni ìgbà tí a ń jẹun, tí a ń pàlọ́ fún ọmọdé, tí ẹsẹ̀ kò tíì dá ní ìgboro. Kò sí agogo tí a lè fi dí òpin alẹ́. Ìgbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, tí àwọn ènìyàn sùn, ni alẹ́ di òru. Ìdí nìyí tí alẹ́ Èkó fi lè gùn dé agogo mọ́kànlá, tí ó sì jẹ́ pé ní abà agogo mẹ́sàn-án, òru ti ta. Ọ̀gànjọ́ ni àárín gbùngbùn òru. Lẹ́yìn rẹ̀ àkùkọ a kọ, ìdájí a tẹ̀ lé e, àfẹ̀mọ́júmọ́ a dé, tí a óò bẹ̀rẹ̀ sí rí ọwọ́ ara wa, ilẹ̀ a wá mọ́.

Ẹ tún wo bí a ti ń kí ara wa. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú alẹ́: ojoojúmọ́ ni wọ́n wà lẹ́nu wa. "Ẹ kú òru" ṣọ̀wọ́n. Bí a bá fẹ́ lọ sùn, kì í ṣe òru ni a ń fi kí ara wa, "ó dàárọ̀ o" ni à ń wí. A ń fò ó dá. Ẹni tí ó bá sì wà lójúfò, àìsùn rẹ̀ la ń kí i kú. Àwọn baba wa ní òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, òun ló dífá fún "Ta nì yẹn?" (Ẹ má bínú pé a dárúkọ ifá nínú ìwé ìjọ, òwe lásán ni.) Bí ọdẹ ti wí fún ìyá wa gan-an nìyẹn. Ìbá ṣe àpọ́sítélì ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru ọjọ́ náà, "Ta nì yẹn?" náà ni ìbá gbọ́.

Ó wá ku ìbéèrè tí ó kó wa sí wàhálà: ta ni ó ni òru? Ṣé ọjọ́ tí ó lọ ni, tàbí ọjọ́ tí ó ń bọ̀?

Nínú èdè wa, ilẹ̀ mímọ́ ni ó ń mú ọjọ́ tuntun wá. Bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, òní kò tíì parí. Ẹni tí ó lálàá ní agogo méjì òru yóò sọ bí ilẹ̀ bá mọ́ pé, "Mo lálàá lóru àná." Òun kò rò pé àlá náà ti bọ́ sínú òní, bẹ́ẹ̀ agogo òyìnbó sọ pé wákàtí méjì ti wọ inú òní nígbà náà. Agogo gan-an, kí ni ó jẹ́ láyé àtijọ́? Irin tí àwọn alágogo ń lù ni. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó di èyí tí a fi ń pe ènìyàn wá sí ìsìn, lẹ́yìn náà ni ó di èyí tí a fi kọ́ ògiri àti èyí tí a so mọ́ ọwọ́. Àwa la gbé e wọlé, òun náà wá ń pín òru wa sí méjì láàárín ọ̀gànjọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti jí láti rí ààlà.

Àwọn Júù ní tiwọn, nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Léfítíkù 23, ẹsẹ 32, níbi tí a ti pàṣẹ kí wọ́n pa ìsinmi mọ́ láti àṣálẹ́ dé àṣálẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yára sin Jésù Olúwa wa kí oòrùn ọjọ́ Ẹtì tó wọ̀. Àwọn ará wa Mùsùlùmí náà ń kà á bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wí pé òru Jímọ̀, òru tí ó ṣáájú Jímọ̀ ni, èyí tí àwa ń pè ní òru Ọjọ́bọ̀.

Ẹ bá wa ṣírò. Agogo òyìnbó sọ pé agogo méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì, òpin alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Bíbélì sọ pé òru Ẹtì, òru tó tẹ̀ lé ìwọ̀ oòrùn Ọjọ́bọ̀ ni. Mùsùlùmí sọ bẹ́ẹ̀. Àwa akọ̀wé nìkan ni a dúró sí ọ̀dọ̀ kejì pẹ̀lú àṣà ilé wa, pé òru a máa tẹ̀ lé ọjọ́ rẹ̀ bí ìyàwó ti ń tẹ̀ lé ọkọ. Mẹ́ta sí ẹyọ kan! Bẹ́ẹ̀ ni àwa ni a mi orí pé nǹkan Ọlọ́run ti sú ìyá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣọ́ òru nìkan ni èyí ń dà rú. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ ó jẹ́rìí sí i. Ọmọ tí a bí ní agogo kan òru, nígbà tí Àìkú ti lọ tí ilẹ̀ Ajé kò sì tíì mọ́, ọjọ́ wo ni a óò sọ ọ́ lórúkọ? Ìyá àgbà ní ọjọ́ Àìkú ni a bí i, ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ni ó pé ọjọ́ mẹ́jọ. Bàbá ọmọ mú ìwé ìbí tí wọ́n kọ fún un ní ilé ìwòsàn jáde, ó ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí náà Ajé ni ìsọmọlórúkọ. A ti rí i kí ẹbí fa ọ̀rọ̀ yìí títí ọ̀sán fi pọ́n, tí ìrẹsì sì ń tutù lórí iná. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ wa, a rí ọmọ kan tí a kọ ọjọ́ ìbí méjì fún nítorí pé akọ̀wé tí ó ṣáájú wa kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Ọlọ́gbọ́n ni bàbá náà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un.

A fẹ́ sọ nǹkan kan níbi ìkà ọjọ́ yìí tí ó máa ń yọ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu nígbà Àjíǹde. Wọ́n ń béèrè pé láti Ẹtì dé Àìkú, báwo ni ó ṣe jẹ́ ọjọ́ kẹta? Bí ẹ bá kà á bí wọ́n ti ń yọ iye kúrò nínú iye ní kíláàsì ìṣirò, méjì ni ẹ ó rí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá yín tí ó ń ná ọjà. Ọjà tí à ń ná lọ́rọọrún, bí ẹ bá kà á bí wọ́n ti kọ́ yín ní ilé-ìwé, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ẹ ó rí, nítorí àwa a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Òní, ọ̀la, ọ̀túnla: mẹ́ta nìyẹn. Bí àwọn Júù ti kà á náà nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ wa, Bíbélì kò ṣìrò, ìyá yín náà kò ṣìrò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òru, nítorí òru kì í ṣe nǹkan kékeré fún àwa Aládùúrà. Ní ọdún 1918, nígbà tí àrùn lúkúlúkú ń pa ènìyàn káàkiri ilẹ̀ yìí, àlá tí Joseph Ṣadare lá ní Ìjẹ̀bú-Òde wà lára ohun tí ó kó àwọn ènìyàn díẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ àdúrà. Ní Ìkàrẹ́ tí kò jìnnà sí wa níbí, a gbọ́ ìtàn Mósè Orímọládé nígbà èwe rẹ̀, pé àwọn ènìyàn rí ìmọ́lẹ̀ nínú ilé ìsìn lóru, wọ́n sì gbọ́ orin, nígbà tí a wọlé láti wò ó, ọmọ náà nìkan ni a bá níbẹ̀. Orímọládé yìí kan náà ni ó dé Èkó ní ọdún 1924, tí a sì dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ti Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ní ọdún 1925. Láti ìgbà wọ̀nyẹn, ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn orin àti ìpàtẹ́wọ́ ní ọ̀gànjọ́ kì í béèrè mọ́, ó mọ̀ pé Aládùúrà ni.

Orúkọ tí a fún un pàápàá, ìṣọ́ òru, ẹ kíyè sí i. Ìṣọ́ ni, láti inú kí a máa ṣọ́ nǹkan. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi pe ìpín tí àwọn aṣọ́nà ń pín òru sí. Mẹ́ta ni ní ayé Gídíónì, ó di mẹ́rin nígbà tí ìjọba Róòmù dé. Nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa, Máàkù 13, ẹsẹ 35, Jésù ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ léra: àṣálẹ́, ọ̀gànjọ́, àkùkọ kíkọ, òwúrọ̀. Ó ní a kò mọ èyí tí baálé ilé yóò bá dé nínú wọn. Ẹ̀rù rẹ̀ ni pé kí ó má baà dé lójijì, kí ó bá wa lójú oorun.

A ti ń wàásù lórí ẹsẹ yìí ní ìjọ wa láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn tí ń sùn níbi ìṣọ́ òru ni a sì ń fi bá wí. (Òótọ́ ni pé àwọn kan ń gbé ìrọ̀rí wá. Kí wọ́n rántí Yútíkù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 20, tí ó sùn lọ nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù di ọ̀gànjọ́, tí ó jábọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Kò sí Pọ́ọ̀lù láàárín wa báyìí tí yóò jí wọn, a kò sì ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì náà le.) A kò rò ó rí pé ẹsẹ náà lè kan akọ̀wé tí ó sùn sílé rẹ̀. A kò sọ pé ìyá náà ni Olúwa o. Ṣùgbọ́n nínú Mátíù 25, Olúwa fúnra rẹ̀ wí pé ohun tí a ṣe sí ẹni tí ó kéré jùlọ, òun ni a ṣe é sí. Bí a bá fi ẹsẹ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a óò rí i pé ẹnì kan dé ẹnu ọ̀nà ìjọ wa ní àkókò tí ìwé ọwọ́ wa dá fún un. Ó dé ní àṣálẹ́, ó wà níbẹ̀ ní ọ̀gànjọ́, ó wà níbẹ̀ nígbà tí àkùkọ kọ, ó sì kúrò ní òwúrọ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Oorun ni a ń sùn.

A lọ bẹ ìyá ní abà. Ó fi ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ṣe wá lálejò, kò bá wa wí. A ṣàlàyé pé lójú tiwa, òru Ẹtì ni òru tí ó tẹ̀ lé Ẹtì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Akọ̀wé, kí ló dé tí ẹ kò wí bí àwọn àgbà ti ń wí? Wọ́n máa ń sọ pé Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta. Ta ni kò ní gbọ́ ìyẹn?"

Ojú tì wá. Ọ̀rọ̀ tí a ti ń gbọ́ láti kékeré ni. Bí a bá ń túfọ̀ òkú, a ní ó jáde láyé mọ́jú òní. Bí a bá ń sọ ọjọ́ tí olè wọlé, a ní Ajé mọ́jú Ìṣẹ́gun. A rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé kò yẹ ìwé tí a fi òǹtẹ̀ lù. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́, ìbáà ka ọjọ́ láti ọ̀gànjọ́, tàbí láti ìwọ̀ oòrùn, tàbí láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹni tí ó ni òru. Ó mú ọjọ́ méjèèjì, ó fi òru sáàárín wọn: èyí tí ó ti jáde wá, àti èyí tí yóò mọ́ sí.

Èyí ni a ń rò nígbà tí a tún ka Ẹ́kísódù 12. Kò sí òru tí ó burú tó òru yẹn ní Íjíbítì. Ní ọ̀gànjọ́ ni ikú wọlé, ẹsẹ 30 sì sọ pé kò sí ilé tí òkú kò sí. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wà nínú ilé, Mósè ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí di òwúrọ̀. Wọ́n gbọ́ igbe náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ẹsẹ 42, tí a fún òru yẹn ní orúkọ tí ìran wọn yóò máa fi rántí rẹ̀, a kò pè é ní òru ikú. Òru tí a óò máa pa mọ́ fún Olúwa ni a pè é, nítorí pé inú rẹ̀ ni ó ti mú wọn jáde. Láti inú Íjíbítì mọ́jú òmìnira, bí ìyá wa yóò ti wí i.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní òru kan tí ó jẹ́ pé ìdajì orúkọ rẹ̀ nìkan ni à ń pè. A ń pè é ní ìgbà tí ọkọ mi kú, ìgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, ọdún tí àgàn ń ṣe mí. A kò fi "mọ́jú" sí i. Opó tí ọmọ rẹ̀ ti di olùkọ́ ṣì ń pe ìgbà náà ní ọdún ikú, kò rántí pé ọdún ikú mọ́jú ọdún tí ọmọ òun wọ ilé-ìwé ni. A kò sọ pé kí ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ́ máa purọ́ pé ó ti mọ́. Àwọn obìnrin méjì yẹn kò purọ́. Òjò ń pa wọ́n, ara ọmọ ń gbóná, wọn kò sọ pé ara ọmọ ti tutù. Àdúrà ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí òru náà yóò mọ́ sí.

Ìyá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2019, láàárín agogo méjì sí mẹ́ta òru. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n wà ní Èkó ní kí a kọ ọjọ́ Ajé, àwọn tí wọ́n wà nílé ní ọjọ́ Àìkú ni. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ, ẹni tí ó bá fẹ́ lè wá wò ó, a kọ ọ́ pé: Àìkú mọ́jú Ajé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn àlejò wa. Láti ìgbà ìṣẹ̀lẹ̀ búburú ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022 ní ilé ìsìn kan ní Ọ̀wọ̀, ìrìn alẹ́ ní ìhà yìí kò rí bí ó ti ń rí tẹ́lẹ̀ mọ́. A bẹ̀ yín kí ẹ má rin òru wá. Ẹ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa kí ẹ tó padà, gẹ́gẹ́ bí Mósè ti pàṣẹ. Ẹní wà, oúnjẹ yóò wà, omi wà ní kànga.

Ìṣọ́ òru yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjìlá òru, Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni ilẹ̀kùn ìjọ yóò ti wà ní ṣíṣí, pẹ̀lú àtùpà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, akọ̀wé yóò sì wà nínú ilé, nítorí ẹni tí ó bá tún ka ọjọ́ bí ìyá ti kà á.